Okùn, irin pẹlẹbẹ àbí camber gauge: èwo ni kí ẹ rà fún àláímẹ́ǹtì nílé?

Ẹni tó bá ń gba Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Ọ̀ffà déédéé mọ ohun tí kòtò ń fojú ọkọ̀ rí: sítíárín á máa fà sápá kan, táyà iwájú á sì jẹ létí kan ṣoṣo. Kí ẹ tó náwó lórí àláímẹ́ǹtì, ìyẹn títo táyà kó kọjú síbi tó yẹ, ẹ fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, ẹ ki irin tó máa gbé e dúró sábẹ́ rẹ̀, ẹ di táyà mú lápá òsì àti ọ̀tún, ẹ mì í. Bó bá ń dún kó-kó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ táì-ródì ẹ́ǹdì (oríkèé ọ̀pá tí sítíárín fi ń yí táyà) ló ti jẹ. Kò sí irinṣẹ́ tó máa gba ìyẹn là. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ná.

Toe lẹ lè tún ṣe nílé: bí imú táyà méjèèjì ṣe súnmọ́ra sí ju ẹ̀yìn wọn lọ. Mílímítà díẹ̀ ni gbogbo ìjà náà. Tépù tí nọ́ńbà rẹ̀ hàn dáadáa ti tó.

Okùn ló dínwó jù. Ẹ ó fà á gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ méjèèjì, kí àlàfo àárín wọn dọ́gba níwájú àti lẹ́yìn, kẹ́ ẹ wá wọn iwájú àti ẹ̀yìn ríìmù sí okùn. Ó ń fi táyà kọ̀ọ̀kan hàn lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá fẹsẹ̀ kọ́ ọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun nìyẹn.

Irin pẹlẹbẹ méjì yá jù: ẹ fi ti ara táyà, ẹ wọn iwájú, ẹ wọn ẹ̀yìn. Kò ní sọ apá tó yẹ̀ fún yín o. Ẹ má wulẹ̀ ra ti òkè òkun. Wẹ́dà ní Gáà-Akànbí lè gé e. Ẹ gbé e sójú kẹ́ ẹ wo etí rẹ̀ gbọọrọ kẹ́ ẹ tó sanwó. Èyí tó tẹ̀ kò wúlò.

Camber gauge onímágínẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń wọn camber (bí orí táyà ṣe tẹ̀ sínú tàbí síta), ni mi ò gbà yín nímọ̀ràn. Kì í lẹ̀ mọ́ ríìmù alumíníọ̀mù, àfi dísìkì bíréèkì. Ọ̀pọ̀ Corolla ò sì ní ibi tí wọ́n ti ń yí camber iwájú láti ilé-iṣẹ́. Ẹ ó kàn ka nọ́ńbà lásán ni. Ti laser ńkọ́? Oòrùn ọ̀sán Ìlọrin á gbé iná rẹ̀ mì.

Tó bá jẹ́ owó mi, irin ni màá kọ́kọ́ ṣe, okùn á tẹ̀lé e. Ẹ tẹ́ náílọ́ọ̀nù méjì tẹ́ ẹ fi gírísì sí láàárín sábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, kó lè máa yọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń yí táì-ródì. Bẹ́ ẹ bá yí òsì, ẹ yí ọ̀tún bákan náà. Tí camber bá ń dà yín láàmú, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ onímáṣíìnì, kẹ́ ẹ sì gba ìwé tó fi nọ́ńbà ti tẹ́lẹ̀ àti ti ìsinsìnyí hàn.