Síkáànù CT tí mo ṣe ní Ìlọrin: iṣẹ́ wọn yá, àmọ́ ẹ gba ojú ìwé ìtànṣán yín

Òru ọjọ́ kan ni ìhà òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí ní Ọ̀fà, ìrora náà sì le débi pé n kò lè jókòó, n kò sì lè dùbúlẹ̀. Dókítà tó yẹ̀ mí wò fura sí òkúta inú kíndìnrín, ó sì kọ lẹ́tà fún mi pé kí n lọ ṣe síkáànù CT, àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi ìtànṣán X-ray yà, ní Ìlọrin. N kò ní dárúkọ ilé àyẹ̀wò tí mo lọ.

Níbi tí ìyìn ti tọ́ sí wọn, n óò yìn wọ́n. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, wọn kò sì fi mí jókòó pẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà ní kí n dùbúlẹ̀ sórí pátákó tóóró kan tó ń wọnú òrùka ńlá lọ, ohùn rẹ̀ sì ń bọ̀ láti yàrá kejì: “Alhaji, ẹ fa èémí sínú, ẹ sé e.” N kò tíì dé Mẹ́kà rí, ṣùgbọ́n ní Ìlọrin, fìlà àti irùngbọ̀n ti tó. Pátákó náà gbé mi wọlé, ó gbé mi jáde. Nọ́ọ̀sì wá gún mi ní oògùn kan tó ń mú kí ẹ̀yà inú ara hàn kedere sí i nínú àwòrán, gbogbo ara mi gbóná, wọ́n sì tún gbé mi wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo rẹ̀ kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ọjọ́ náà gan-an ni èsì jáde: òkúta wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò tó hóró àgbàdo.

Ìgbà tí ìrora náà padà dé lẹ́yìn oṣù méje ni ojú mi tó là. Ilé ìwòsàn mìíràn tí mo lọ béèrè àwòrán àtijọ́, fíìmù àti ìwé èsì nìkan ni mo sì ní lọ́wọ́. Dókítà ibẹ̀ ní bí kò bá sí síídì tí wọ́n kó àwòrán náà sí, a óò tún síkáànù náà ṣe ni. Ó sì ní bí mo bá lè rí síídì náà gbà, kí n bá òun gba ojú ìwé tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń kọ ìwọ̀n ìtànṣán sí. Mo padà lọ. Akọ̀wé wọn wò mí títí, ó ní, “Alhaji, kò sẹ́ni tó máa ń béèrè èyí lọ́wọ́ wa,” kí ó tó lọ tẹ̀ ẹ́ jáde.

Tábìlì kékeré ni, ìlà méjì péré: ọ̀kan fún ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi wọlé, ìkejì fún ti ẹ̀yìn oògùn. Lábẹ́ lẹ́tà DLP, ìyẹn àpapọ̀ ìtànṣán tí ẹ̀rọ lò nígbà kọ̀ọ̀kan, ìlà kìíní jẹ́ 640, ìkejì jẹ́ 655. Dókítà mú báírò, ó ro méjèèjì pọ̀, ó jẹ́ 1,295. Ó fi 0.015 tí wọ́n ń lò fún ikùn àgbàlagbà sọ ọ́ di púpọ̀, ó sì já sí nǹkan bíi millisievert 19, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ipa ìtànṣán lára ènìyàn. Ìtànṣán tó ń ti inú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ojú ọ̀run bá ènìyàn jẹ́ nǹkan bíi 2.4 lọ́dún ní ìpíndọ́gba àgbáyé, tó fi hàn pé ti ọdún mẹ́jọ ni mo gbà sára láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni òkúta máa ń hàn funfun láìsí oògùn kankan: ìlà kìíní nìkan ti tó, wọ́n sì lè dín agbára ẹ̀rọ kù fún irú iṣẹ́ yìí kó má tó millisievert 4.

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. Ìtànṣán yìí lè ba DNA, àkọsílẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì ara fi ń ṣiṣẹ́, jẹ́, èyí tí ara kò bá sì tún ṣe dáadáa lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Síbẹ̀, àjọ FDA tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fojú bù ú pé millisievert 10 lè fi nǹkan bí ẹnì 1 nínú 2,000 kún àwọn tí jẹjẹrẹ yóò pa, nígbà tó jẹ́ pé láàárín àwọn ará ibẹ̀, nǹkan bí ẹnì 1 nínú 5 ni àrùn náà ń pa láìsí síkáànù kankan. Ọ̀pọ̀ irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé ka ara àwọn tó yè bọ́ nínú àdó olóró Hiroshima àti Nagasaki ní 1945. Ewu tèmi kéré, bí dókítà bá sì tún sọ lọ́la pé dandan ni, n óò dùbúlẹ̀.

Ìlà kejì yẹn ló ń bí mi nínú. Kò sí nínú lẹ́tà tí mo gbé lọ, kò sẹ́ni tó bi mí, wọ́n sì gba owó rẹ̀. Àwọn àìsàn kan wà tí oògùn náà wúlò fún gan-an, ṣùgbọ́n òkúta lásán kọ́. Ẹni tí òkúta bá ti ṣe lẹ́ẹ̀kan, ó lè tún ṣe é, ìtànṣán tí kò nídìí á sì máa gun orí ara wọn. Ká ní ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́sàn-án ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá tún le jù bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìtànṣán máa ń ṣe ara ọmọdé ju ti àgbà lọ, ọdún tí jẹjẹrẹ lè fi hù sì pọ̀ níwájú rẹ̀.

Síídì náà gbà mí lọ́wọ́ síkáànù kejì. Èyí tí wọ́n ń fi gẹ́ẹ̀lì pa ikùn aláboyún ni wọ́n ṣe fún mi, tí kò ní ìtànṣán yìí rárá, wọ́n fi í wé àwòrán àtijọ́, wọ́n sì rí i pé òkúta náà ti ń sọ̀kalẹ̀. Ó jáde ní ọjọ́ kẹrin.

Ìràwọ̀ 3 nínú 5 ni mo fún ilé àyẹ̀wò náà. Ọjọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi síídì àti ojú ìwé yẹn sínú àpò èsì láìjẹ́ pé ènìyàn béèrè, n óò fi ọ̀kan kún un.