Ejẹ́ǹtì tó bá mi ṣètò Paris: ọwọ́ wọn mọ́ níbi físà, ìgboro ni wọn ò mọ̀

Tí ẹ bá ń gbé Ìlọrin tí ẹ sì fẹ́ lọ wo Paris, ẹ jẹ́ kí ejẹ́ǹtì tí mo lò ní òpópónà Táíwò bá yín ṣe ìwé físà. Ètò ohun tí ẹ máa ṣe tí ẹ bá débẹ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, kí ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì jókòó ṣe tiyín. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí a ṣì jọ ń kí ara wa lọ́jọ́ Jímọ̀.

Iṣẹ́ Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà la mọ̀ wọ́n mọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá fi ti Yúróòpù kún un, wọ́n lẹ páálí kan mọ́ ògiri, wọ́n pín in sí mẹ́ta: ti mẹ̀kúnnù, ti alábọ́dé, ti ọlọ́lá. Télọ̀ ni mí ní Gàá Àkànbí, ti mẹ̀kúnnù ni mo mú. Nígbà tí mo wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa, òtẹ́ẹ̀lì nìkan ló yàtọ̀. Ìyókù, ọ̀kan náà ni. Wọ́n gba ₦120,000 fún làálàá wọn. Owó físà fúnra rẹ̀ wà lọ́tọ̀, 90 Yúrò, iye tí wọ́n ti ń gbà láti oṣù kẹfà 2024.

Níbi físà yìí, owó mi kò ṣòfò. Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà yẹn mọṣẹ́. Ó ń fi bírò tọ ìwé báńkì mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dúró lójú kan. "Àlájà, ẹ má bínú o, ta ló san owó ńlá yìí?" Mo ní oníbàárà ni, aṣọ ìyàwó la rán fún wọn. Ó ní kí n mú rìsíìtì wá, kí n sì kọ lẹ́tà kúkurú tì í, torí owó tó bá ṣàdédé wọlé nígbà tí ìrìn àjò kù sí dẹ̀dẹ̀ ló máa ń mú kí wọ́n fura. Ọ̀dọ̀ ọmọ àbúrò mi ni mo fẹ́ sùn, ó sì sọ fún mi pé lẹ́tà lásán kò tó, kí ọmọ náà lọ gba ìwé ìgbàlejò ní ilé ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn, tí wọ́n ń pè ní mairie. Inṣọ́ránsì Bàbá kan tó wà níwájú mi, ó dá a padà ní kíá, nítorí kò tó 30,000 Yúrò tí òfin béèrè. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò ni wọ́n ti ń gba ìwé. Tó bá pẹ́ jù, kó ku ọjọ́ 15. Ìka títẹ̀, Èkó tàbí Àbújá lẹ máa lọ.

Ìwé ètò ìgboro ni ẹjọ́ mi wà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n kọ Louvre, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá Paris, sí, bẹ́ẹ̀ Louvre kì í ṣí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun! Láti oṣù kìíní 2026, 32 Yúrò ni àwa tí a kì í ṣe ará Yúróòpù ń san níbẹ̀. Mẹ̀kúnnù wo ló fẹ́ san ìyẹn kó lè yọjú wo àwòrán obìnrin kan lẹ́yìn orí èrò? Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Petit Palais àti ti Carnavalet kì í gba kọ́bọ̀ fún àwọn ohun tó wà níbẹ̀ títí láé. Wọ́n tún kọ owó ìwọlé sí ẹ̀gbẹ́ Notre-Dame, ṣọ́ọ̀ṣì tó jóná ní 2019 tí wọ́n tún ṣí ní oṣù kejìlá 2024. Ọ̀fẹ́ ni. Mùsùlùmí ni mí, mo wọlé, mo wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn agbẹ́kùúta, mo sì jáde.

Takisí ni wọ́n fẹ́ kí n wọ̀ láti pápá ọkọ̀ òfurufú, èyí tó ju 50 Yúrò lọ. Ọkọ̀ ojú irin RER B ń gbé yín dé àárín ìlú, kò tó ìdá mẹ́ta iye yẹn. Káàdì Navigo ọlọ́sẹ̀ kan, èyí tí wọ́n fi ń wọ ọkọ̀ ìgboro, tí wọ́n ń yìn fún gbogbo èèyàn, ọjọ́ Ajé ló ń bẹ̀rẹ̀, alẹ́ ọjọ́ Àìkú ló ń kú, ọjọ́ yòówù kí ẹ rà á. Ẹni tó bá balẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ kò ní jèrè rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ohun tí wọn ò kọ rárá. Ẹ sọ fún wọn pé télọ̀ ni yín, wọn ò ní dárúkọ Marché Saint-Pierre! Ọjà aṣọ ni, ìsàlẹ̀ òkè tí ṣọ́ọ̀ṣì Sacré-Cœur wà lórí rẹ̀ ló wà, aṣọ láti ilé dé ilé. Wọ́n ń gé òmíràn ní mítà mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n á ká a, wọ́n á lẹ iye mọ́ ọn. Mo fa fọ́nrán òwú kan yọ ní etí ọ̀kan tí wọ́n pè ní irun àgùntàn, mo lọ́ ọ láàárín ìka, kò dán, kò yọ̀. Ojúlówó ni. Mo gbìyànjú láti ná an. Olùtajà náà kàn tọ́ka sí bébà tó wà lára rẹ̀. Ìnájà wà ní àdúgbò Château Rouge, tí kò jìnnà síbẹ̀ lẹ́sẹ̀: iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àǹkárá, àti àwọn obìnrin tó ń ta àgbàdo sísun nínú kẹ̀kẹ́ ìràjà lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀.

Mọ́sálásí ńlá Paris náà kò sí nínú ìwé wọn, àwọn tó ń kó èèyàn lọ Mẹ́kà! 1926 ni wọ́n ṣí i, láti fi yẹ́ àwọn sójà Mùsùlùmí tó kú fún ilẹ̀ Faransé nínú ogun àgbáyé kìíní sí. Ibi tí wọ́n ti ń ta tíì ewé míńtì wà lára rẹ̀.

Nígbà tí mo dé, mo kó gbogbo èyí lọ bá ọmọbìnrin yẹn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ti gbé Louvre lọ sí Ọjọ́rú. Owó ìwọlé Notre-Dame ṣì wà lórí páálí.