Áísíláńdì, Nọ́wè àbí Skọ́tíláńdì: ibo ni kí ará Èkìtì náwó sí?

Adó lèmi àti ìyàwó mi ń gbé, ìdí òkè la dàgbà sí, tá a bá máa náwó lọ ìlú òyìnbó kì í ṣe mọ́ọ̀lù la fẹ́ lọ wò. Òkè, omi àti atẹ́gùn tútù là ń wá, ibi mẹ́ta yìí la sì fi wéra. Gbogbo wọn ló tutù, gbogbo wọn ló wọ́n, àmọ́ ibi tówó ń gbà jáde lápò yàtọ̀.

Físà lẹ máa kọ́kọ́ rò. Áísíláńdì àti Nọ́wè, físà Schengen kan náà ni, èyí tó wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, 90 yúrò ni fún àgbàlagbà, ẹ sì máa ra ìnṣọ́ránsì tó lè san tó 30,000 yúrò bí àìsàn bá dé. Ti Skọ́tíláńdì, físà UK ni, tẹ́ ẹ bá sì ti ní i lọ́wọ́ torí pé ẹ lọ́mọ tàbí àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, kí lẹ tún ń wá kiri? Ẹ wọ reluwé lọ sókè lọ́dọ̀ wọn.

Áísíláńdì ló wọ̀ mí lọ́kàn jù torí Ìkògòsì. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná nísàlẹ̀, omi ń hó jáde látinú ilẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Strokkur máa ń tú sókè láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan síra wọn, ẹ ò tiẹ̀ ní dúró pẹ́. Ní Seljalandsfoss omi ń já láti nǹkan bíi 60 mítà, èèyàn sì lè gba ẹ̀yìn omi náà kọjá, ẹ ṣáà wọ aṣọ òjò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sí reluwé rárá, ọ̀nà tó yí gbogbo ìlú náà po lé ní 1,300 kìlómítà, ẹni tí ò bá lè wakọ̀ á máa sanwó bọ́ọ̀sì onírìnàjò lójoojúmọ́, ibẹ̀ lowó ń lọ. Àti pé láti 2021 ni òkè oníná ti ń bú jáde lágbègbè Reykjanes, kẹ́ ẹ tó sanwó Blue Lagoon, ibi tí wọ́n ti ń wẹ nínú omi gbígbóná lágbègbè yẹn, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n ṣí i.

Nọ́wè ò nílò mọ́tò. Reluwé láti Oslo sí Bergen máa ń gbà tó wákàtí méje, ẹ lè bọ́ sílẹ̀ ní Myrdal kẹ́ ẹ wọ èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Flåm, 20 kìlómítà péré, omi ń já lọ́tùn-ún lósì, lẹ́yìn náà ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi gba Nærøyfjord láàárín òkè méjì. Ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ bá le lè gun àpáta Preikestolen, 604 mítà sókè omi, bíi wákàtí mẹ́rin lọ-bọ̀. Oúnjẹ ibẹ̀ wọ́n gan-an, ẹ gba ilé tó ní kíṣìnnì kẹ́ ẹ máa sè é fúnra yín.

Skọ́tíláńdì: reluwé láti Glasgow sí Mallaig rẹwà, òkè Ben Nevis ga tó 1,345 mítà. Kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín máa ń jẹni níbẹ̀ nígbà ooru, Oṣù Karùn-ún ló dáa.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó ń jó lójú ọ̀run lóru, tí wọ́n ń pè ní northern lights, òkùnkùn ló nílò. Ẹnì kan tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó bá a ṣètò ìrìnàjò ní kó lọ sí Tromsø lápá òkè Nọ́wè ní Júùnù torí ẹ̀, nígbà tó débẹ̀ oòrùn ò wọ̀ rárá, ó dùn mí fún un. Ìparí Sẹ̀tẹ́ńbà sí Máàṣì ni kẹ́ ẹ lọ.

Súwẹ́tà tá à ń wọ̀ lọ́yẹ́ níbí ò lè tó, ẹ lọ bá àwọn tó ń ta òkìríkà ní Ọjà Ọba, jákẹ́ẹ̀tì tí omi ò lè wọnú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá.

Àwa ti mú Nọ́wè. Mi ò fẹ́ wakọ̀ lórí yìnyín, ìyàwó mi sì ti lóun ò ní kúrò lórí ọkọ̀ ojú omi yẹn.