Anki fún ọ̀rọ̀ Òyìnbó tó le: bí mo ṣe rí i

Kí n má tàn yín: Anki, áàpù káàdì tí wọ́n fi ń rántí ohun tí wọ́n kọ́, kì í kọ́ èèyàn ní ọ̀rọ̀ kankan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kò ní jẹ́ kí èyí tẹ́ ẹ ti kọ́ sá lọ. Ìdánwò GRE, tí àwọn yunifásítì kan ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gba oyè kejì, ni mò ń múra fún nílé níbí l'Ábẹ́òkúta, àwọn ọ̀rọ̀ bíi “equivocal” àti “laconic” ló sì ń dà mí láàmú, irú èyí téèyàn kì í gbọ́ láti Ìtòkú dé Kútọ̀, àfi tí lọ́yà méjì bá ń jà.

Ọ̀rọ̀ wà lójú káàdì, ìtumọ̀ wà lẹ́yìn. Ẹ ó rò ó, ẹ ó ṣí i, ẹ ó wá tẹ bọ́tìnnì láti fi sọ bó ṣe le tó. Èyí tẹ́ ẹ gbàgbé á padà wá láìpẹ́; èyí tẹ́ ẹ mọ̀ á lọ fún ọjọ́ mélòó kan, tó bá yá á di oṣù. Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, ti fi orí ara rẹ̀ dán èyí wò, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1885: ohun téèyàn há sórí kíákíá, kíákíá ló ń fò lọ, àfi téèyàn bá ń padà sí i lóòrèkóòrè.

Káàdì tí ẹlòmíì ti ṣe sílẹ̀ ni ẹ ṣọ́ra fún. Èyí tí mo kọ́kọ́ gbà kún fọ́fọ́, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ẹyọ kan péré ló fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kò sí gbólóhùn. Ó ní “sanction” ni ìjìyà. Bẹ́ẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń sọ pé ìjọba fọwọ́ sí nǹkan! Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo ń ṣe tèmi. Gbólóhùn tí mo bá pàdé nínú ìwé ìròyìn ni mò ń kọ síwájú, màá fi àlàfo síbi tí ọ̀rọ̀ náà wà. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún àti àlàyé rẹ̀ ní Yorùbá á wà lẹ́yìn. Ó ń gba àsìkò o, ṣùgbọ́n nídìí kíkọ yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń yé mi.

Kò ní ọ̀ṣọ́, kò sì nílò dátà téèyàn bá ti gbà á tán. Ní gáréèjì Kútọ̀, kí mọ́tò tó kún, mo ti ṣe ti òòjọ́. Káàdì tuntun 20 ló máa ń gbé wá lójúmọ́. Ẹ dín in kù sí 10, torí tẹ́ ẹ bá pa á tì díẹ̀, àtúnkà á gorí ara wọn bí aṣọ àìfọ̀.

Ọ̀fẹ́ ni lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ náà ni AnkiDroid lórí Android. Ti iPhone, AnkiMobile, ló ń gba nǹkan bíi dọ́là 25. Ẹni tí kò bá rówó ẹ̀ lè lo AnkiWeb lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ka orúkọ rẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó, àwọn áàpù tó fi orúkọ jọ ọ́ wà níbẹ̀.