Hóró klorín fún wọ́ọ̀dù ní Àbújá: ó ká fọ́ńgọ́ọ̀sì tí oògùn kò ràn, bí ẹ bá wọ̀n ọ́n dáadáa

Bí ilé ìwòsàn yín bá ní ICU, ìyẹn wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, tàbí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tuntun, tàbí ibi tí ẹ ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀, hóró klorín oní-gíráàmù 1.67 ni kí ẹ máa rà fún nínu bẹ́ẹ̀dì àti ilẹ̀. Ohun tí a rí sí i nìyẹn, a sì fi ṣáájú kí ẹni tó ń kánjú lè mú un lọ. Máàkì 8 nínú 10 la fún un. Méjì tó kù, bí wọ́n ṣe ń tà á àti bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń tọ́jú rẹ̀ ló gbà á.

Sodium dichloroisocyanurate ló wà nínú hóró náà; NaDCC ni ẹ máa rí lára ike. Bó bá kan omi, á hó ṣuuru, á yọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì tú klorín sínú omi. Èyí tó jẹ́ gíráàmù 1.67 a máa tú gíráàmù klorín kan sílẹ̀. Torí náà, hóró kan sínú omi lítà kan, 1,000 ppm nìyẹn, ìyẹn mílígíráàmù klorín 1,000 nínú lítà kan. Hóró 10 sínú garawa lítà 10, 1,000 ppm náà ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà sílẹ̀, hóró 5 sínú lítà kan, ó di 5,000 ppm. Kò sí ìṣirò mìíràn. Ẹni tó ń tún wọ́ọ̀dù ṣe láàárọ̀ kùtùkùtù kò nílò ju kó mọ hóró kà, ibẹ̀ sì ni ọjà yìí ti borí.

Fọ́ńgọ́ọ̀sì tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí gba àpèjúwe tó gùn báyìí ni Candida auris. Japan ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 2009, lára ohun tí wọ́n gbà nínú etí aláìsàn kan. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé tò ó mọ́ àwọn fọ́ńgọ́ọ̀sì tó léwu jù lọ nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde, ọdún yẹn kan náà sì ni ìwádìí jáde tó fi hàn pé ó ti wà lára àwọn aláìsàn ní Nàìjíríà níbí. Kì í ṣe ẹgbẹ́ lápálápá rárá. Inú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń wọ̀, láti ojú ibi tí wáyà dírìpù tàbí rọ́bà ìtọ̀ gbà wọ ara. Nínú èyí tí wọ́n yẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 90 nínú 100 ni fluconazole kò ràn, fluconazole tó jẹ́ pé kò sí kẹ́míìsì kan láti Nyanya dé Kubwa tí kò tà á. Nǹkan bí 30 nínú 100 ni amphotericin B náà kò ràn. Abẹ́rẹ́ tí àwọn dókítà kọ́kọ́ máa ń nawọ́ sí báyìí, echinocandin, wọ́n, kì í sì í sí nílẹ̀ níbi púpọ̀. Tó bá ti wọnú ẹ̀jẹ̀, ó lé ní ẹnìkan nínú mẹ́ta tó máa ń kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn ti ní àìsàn ńlá mìíràn lára tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó gbé e sára lè máà ṣàìsàn. Abíyá àti àárín itan ni fọ́ńgọ́ọ̀sì náà máa ń sá sí, ó sì lè wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Láti ara ẹni bẹ́ẹ̀ ló ti ń bọ́ sórí irin bẹ́ẹ̀dì, sórí lọ́kà, sórí bọ́tìnì ẹ̀rọ. Lórí ike, ó lè wà láàyè fún ọ̀sẹ̀ méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aláìsàn tí wọ́n bá gbé láti ICU kan sí òmíràn lè gbé e wọlé láì sí ẹni tó fura, nítorí náà ohun tí ẹ fi ń nu bẹ́ẹ̀dì ti di ara ìtọ́jú fún ẹni tí yóò sùn lé e tẹ̀ lé e.

Ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù ló ti ń lo omi apakòkòrò olóòórùn dídùn, èyí tí wọ́n fi quat, irú kẹ́míkà apakòkòrò kan, ṣe. Benzalkonium chloride ni orúkọ tó wọ́pọ̀ lára ìgò rẹ̀. Ó dára fún kòkòrò púpọ̀. Ti Candida auris, a ò lè fọkàn tán quat nìkan, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àjọ ìlera ń kìlọ̀. Òórùn líle kọ́ ni agbára. Klorín 1,000 ppm ló ṣe é gbára lé, tàbí hydrogen peroxide tí wọ́n ṣe fún ọsibítù. Èyí ìkejì wọ́n ju apá ilé ìwòsàn kékeré lọ.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò kúkú ra bílíìṣì olómi, ṣebí klorín náà ni. Òótọ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ìṣòro rẹ̀ méjì. Àkọ́kọ́, oòrùn àti ooru ń jẹ ẹ́. Ìgò bílíìṣì tó jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù ní oṣù Kẹta ní Àbújá, kò sí bí agbára tó wà nínú rẹ̀ ṣe máa bá ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ mu. Ìkejì, wíwọ̀n rẹ̀ ń da èèyàn rú. Klorín inú bílíìṣì tó wọ́pọ̀ jẹ́ 3.5 nínú 100. Kó tó di 1,000 ppm, ìwọ̀n kan bílíìṣì sí ìwọ̀n 34 omi ni. Fún garawa lítà 10, mílílítà 286 nìyẹn, ẹ pè é ní 290. Ohun tí ẹ máa bá nínú wọ́ọ̀dù ni pé ìdérí ìgò ni wọ́n fi ń wọ̀n. Bí ìdérí kan bá gba mílílítà 10, ìdérí mẹ́ta nínú garawa lítà 10 kò ju 105 ppm lọ, ìdá kan péré nínú mẹ́wàá ohun tó yẹ, ká tiẹ̀ ní oòrùn kò tíì jẹ nínú rẹ̀. Ilẹ̀ á máa rùn bíi pé wọ́n ti pa gbogbo nǹkan. Bó bá jẹ́ bílíìṣì nìkan ni owó ká, ẹ ra ife tí wọ́n fàlà ìwọ̀n sí lára, kí ẹ sì máa wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kì í ṣe ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ nìkan.

Ní ti hóró, ẹ ṣọ́ra fún irú tí ẹ ń rà. Èyí tí wọ́n fi ń mú omi mímu mọ́ wà lọ́jà, NaDCC náà ni wọ́n kọ sára rẹ̀, ó sì funfun bákan náà. Mílígíráàmù 67 ni ọ̀kan tó wọ́pọ̀ nínú wọn, hóró kan fún omi lítà 20. Bí ẹ bá ju 10 nínú rẹ̀ sí garawa lítà 10, nǹkan bí 40 ppm lẹ máa rí. Fọ́ńgọ́ọ̀sì kò ní mira. Ẹ má wo orúkọ nìkan, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ iye klorín tí hóró kan ń tú, kí ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, kí ẹ sì gba ike tí wọn kò tíì ṣí. Ní ọjà àti ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta nǹkan ọsibítù, àwọn kan máa ń tú ike ńlá, wọ́n á máa ka hóró sínú ọ̀rá fún oníbàárà. Ẹ má rà á. Atẹ́gùn tó lọ́rinrin ti wọ̀ ọ́.

Hóró tó dára le, ó funfun, etí rẹ̀ mú, kò ṣe lẹ́búlẹ́bú lọ́wọ́. Èyí tí ọ̀rinrin ti bà jẹ́ á wú, á máa fọ́ wẹ́wẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n díẹ̀, tí ẹ bá sì ṣí ike, òórùn klorín á gbá yín nímú kó tó kan omi rárá. Klorín tó yẹ kó wọnú garawa yín ló ń lọ yẹn. Bí ẹ bá jù ú sómi tó kàn rì sísàlẹ̀ tí kò hó dáadáa, ẹ dà á nù. Láti oṣù Kẹrin tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní Àbújá títí dé oṣù Kẹwàá, àsìkò yìí gan-an ni wàhálà náà máa ń pọ̀. Ibi gbígbẹ, inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ síńkì, kì í sì í ṣe yàrá tí páànù rẹ̀ kò ní sílíìnì. Kọ́kọ́rọ́ náà ṣe pàtàkì gan-an: ó jọ oògùn, àwọn ẹbí aláìsàn sì máa ń sùn sí wọ́ọ̀dù pẹ̀lú ọmọ. Ẹ kọ «májèlé» sára ike náà ní Yorùbá, ní Hausa àti ní Gẹ̀ẹ́sì.

Lílò rẹ̀ ni ibi tó ti ń dára tàbí tó ti ń bàjẹ́. Omi tútù ni kí ẹ lò, kì í ṣe gbígbóná. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ ná, kí ẹ ṣàn án, kí ẹ tó mú klorín wá, torí pé ẹ̀jẹ̀, ọyún, oúnjẹ tó dà sílẹ̀ àti eruku máa ń jẹ klorín tán kó tó dé ọ̀dọ̀ fọ́ńgọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ àkísà mímọ́ sínú rẹ̀, kí ẹ nu ún, kí ojú ibẹ̀ sì máa rin gbingbin fún ìṣẹ́jú 10, tàbí iye tí wọ́n kọ sára ike. Ìṣẹ́jú 10 yìí ni ọ̀pọ̀ kì í fún un. Nígbà ọyẹ́, tí fáànù bá tún ń fẹ́, irin bẹ́ẹ̀dì á ti gbẹ láìpẹ́. Ẹ padà wá rẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, àní lẹ́ẹ̀kẹta. Ibi tó mọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lọ sí ibi tó dọ̀tí, òkè lọ sí ìsàlẹ̀, àkísà kan fún bẹ́ẹ̀dì kan. Àkísà tó ti nu bẹ́ẹ̀dì kò gbọ́dọ̀ padà sínú garawa. Bó bá padà, ẹ ti pín kòkòrò bẹ́ẹ̀dì kìíní fún bẹ́ẹ̀dì kẹfà.

Omi tí ẹ pò lónìí, ẹ da ìyókù rẹ̀ nù tó bá pé wákàtí 24, bó bá tilẹ̀ wà nínú garawa tó ní ìdérí. Èyí tó bá ti dọ̀tí, ẹ dà á nù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má pò ó mọ́ ohun tí ẹ fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́ tó ní ásíìdì láé, gáàsì tó máa jáde níbẹ̀ lè pa èèyàn nínú yàrá tó há. Ìbọ̀wọ́, bọ́ọ̀tù, fèrèsé ṣíṣí. Ẹ má fi fọ́n káàkiri bí ẹni fọ́n ẹ̀fọn. Nínu ni ó ń gbà.

Àléébù tirẹ̀ gan-an ni pé ó ń jẹ irin. Ẹ fi omi lásán nu irin bẹ́ẹ̀dì àti òpó dírìpù lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìpẹtà á mú wọn, ojú tó ti pẹtà kò sì ṣe é nù mọ́. Ó tún ń mú kí awọ mátíríẹ́ẹ̀sì gbẹ, kó sán. Mátíríẹ́ẹ̀sì tó ti sán, ẹ pààrọ̀ awọ rẹ̀, torí pé omi ara àti fọ́ńgọ́ọ̀sì á gba ibẹ̀ wọ inú fóòmù tí klorín kankan kò lè dé.

Àwọn nǹkan tí kò ṣe é rẹ sínú klorín ló tún yẹ kí ẹ ronú sí. Lọ́dún 2015 sí 2017, ní ICU kan ní Oxford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 70 aláìsàn ni Candida auris dé ara wọn. Ohun tí wọ́n rí pé ó ń gbé e kiri ni tẹmomítà abíyá tí wọ́n ń lò láti ara ẹnìkan sí ara ẹlòmíràn. Ìmọ́tótó lóríṣiríṣi kò dá a dúró; ìgbà tí wọ́n kó tẹmomítà yẹn kúrò ló tó rọlẹ̀. Torí náà, aṣọ ẹ̀rọ ìfúnpá, tẹmomítà àti ohun tí wọ́n ń kì bọ ìka láti fi wo ọ́síjìn, kí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ bó bá ti ṣeé ṣe. Ọwọ́ ní tirẹ̀, jẹ́ẹ̀lì ọlọ́tí ń pa á bí ọwọ́ kò bá dọ̀tí.

Iye tí ẹ máa lò: wọ́ọ̀dù oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́fà, garawa lítà 10 fún ilẹ̀ àti abọ́ lítà 2 fún bẹ́ẹ̀dì àti lọ́kà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, hóró 24 nìyẹn. Bí ike yín bá jẹ́ ti hóró 200, ó tó ọjọ́ mẹ́jọ, ẹ kò sì tíì ka ti bẹ́ẹ̀dì tí aláìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ẹ béèrè fún òmíràn nígbà tó bá ku 50, torí ọjọ́ tí hóró bá tán ni wọ́n máa ń padà sí ìdérí ìgò.