Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta gìtá oníhò “tí a ti tún inú rẹ̀ ṣe” láàárín Ifẹ̀ àti Iléṣà

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń lu gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin ọmọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí ẹ ń wá gìtá tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, ẹ̀yin òbí tí ọmọ ń dà láàmú pé gìtá lòun fẹ́, ẹ fetí sílẹ̀ o. Ọ̀gbẹ́ni kan wà tó ń ta gìtá oníhò káàkiri Ifẹ̀ àti Iléṣà, ìyẹn gìtá oníná tí inú rẹ̀ ṣófo, tí ihò méjì tó rí bíi lẹ́tà f wà lójú rẹ̀. Gbájúẹ̀ ló fi ń ṣe. Kò ní ṣọ́ọ̀bù. Lónìí á ní kí ẹ wá bá òun ní Lágere, lọ́la á ní òun ti wà ní Iléṣà, kí ẹ ṣáà fi owó ránṣẹ́, òun á fi gìtá rán ọlọ́kọ̀ sí yín. Orí WhatsApp ló ń pàtẹ sí. Mi ò dárúkọ rẹ̀ níbí nítorí orúkọ tó jẹ́ fún Táyé kọ́ ló ń jẹ́ fún Kẹ́hìndé, account tí owó sì ń wọ̀, orúkọ ẹlòmíràn ló wà lórí rẹ̀. Bó ṣe ń ṣe é ni kí ẹ dá mọ̀.

Kí n tètè sọ ọ́: gìtá oníhò olówó pọ́ọ́kú kì í ṣe ohun burúkú. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún un ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń dún dáadáa tí a bá ti tún nọ́ọ̀tì wọn gé (ìyẹn ohun kékeré tí okùn ń gba ojú rẹ̀ kọjá láàárín orí àti ọrùn gìtá), tí a fá ẹnu frẹ́ẹ̀tì wọn (àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn), tí a sì pààrọ̀ jáàkì tí a ń ki wáyà sí àti kọ́ńtíróòlù ohùn tó ń ha. Àwọn ènìyàn ti gbọ́ èyí, òun sì ni ọ̀gbẹ́ni yìí fi ń rí wọn mú. Á ra èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ, á nù ún títí á fi máa dán, á wá bu owó tó tó ra méjì lé e, á ní: pickup tuntun (ìyẹn ohun tó ń gbé ohùn okùn lọ sí sípíkà), wáyà tuntun, nọ́ọ̀tì eegun. Tí ẹ bá ní kí ó fi hàn yín, ìdáhùn rẹ̀ kì í yí padà: “Ẹ̀gbọ́n, inú ni iṣẹ́ yẹn wà, ẹ ò lè rí i.”

Ibẹ̀ gan-an ló ti ń mú wa. Gìtá onígi kíki sábà máa ń ní ìdérí lẹ́yìn tàbí níwájú. Ẹ tú skúrù díẹ̀, gbogbo wáyà ti bọ́ síta. Èyí tó pọ̀ jù nínú gìtá oníhò kò ní ìdérí kankan. Ojú ihò f yẹn ni a ń gbà kó kọ́ńtíróòlù, jáàkì àti swíìṣì wọlé, òun náà la ń gbà fà wọ́n jáde. A ó fi òwú so orí kọ́ńtíróòlù kọ̀ọ̀kan kó má baà sọnù sínú, a ó tì í wọlé, a ó wá rọra wá a jáde lójú ihò. Bí ọwọ́ kò bá dá, ilẹ̀ á ṣú sórí iṣẹ́ náà. Ta ló fẹ́ lọ tú irú rẹ̀ wò lẹ́yìn tó ti sanwó?

Èmi tú ọ̀kan. Ọmọkùnrin kan tó ń lu gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Iléṣà ló gbé e wá, ó ní pickup tó wà nídìí bríìjì (ìyẹn ohun tó gbé okùn ró lójú gìtá) ń dún bíi ti ẹni tí òtútù mú. Mo kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì gba ojú ihò: eruku bo ilẹ̀ inú rẹ̀ pẹrẹsẹ, kò sí àpá pé ohunkóhun wọ́ kọjá lórí eruku náà. Nígbà tí mo fa kọ́ńtíróòlù jáde, àwọn kéékèèké tó bá gìtá wá láti Ṣáínà náà ni, irin gbígbóná kò tún kan lẹ́ẹ̀dì orí wọn rí. Pickup yẹn ní ìdérí tuntun tó ń kọ yànrànyànràn, wọ́n sì lẹ orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá kan mọ́ ọn lábẹ́. Wáyà rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n kàn lọ́ ọ mọ́ wáyà àtijọ́ ni, wọ́n fi sẹ̀lótéèpù wé e. Sẹ̀lótéèpù, nínú gìtá tí wọ́n gba owó wáyà tuntun lé lórí! Mo ṣí ìdérí náà. Lóde, ó jọ humbucker, èyí tó yẹ kó ní wáyà wíwé méjì tó ń pa ariwo iná ara wọn. Nínú, ẹyọ kan ni wọ́n wé; ẹ̀gbẹ́ kejì, ike lásán. Mo wá fi fáìlì kan nọ́ọ̀tì “eegun” díẹ̀. Tí eegun bá ń kúnná lẹ́nu fáìlì, òórùn pátákò jíjóná ló máa ń mú jáde. Ike ni èyí ń rùn. Bẹ́ẹ̀ eegun kò sì wọ́n, ọ̀dọ̀ alápatà ló kún sí. Kí a sè é kí ọ̀rá rẹ̀ jáde, kí a sá a gbẹ, kí a wá fi fáìlì gbẹ́ ẹ.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ọrùn tó kán. Níbi tí orí gìtá ti tẹ̀ sẹ́yìn lára ọrùn, igi ibẹ̀ kò nípọn, pàápàá bí ihò irin inú ọrùn bá tún wà níbẹ̀. Gìtá tó bá ṣubú, ibẹ̀ ló sábà máa ń kán. Ọrùn tó kán tí a fi gọ́ọ̀mù igi gidi lẹ̀, tí a sì dè é pa títí tó fi gbẹ, lè lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi náà máa ń tún un ṣe, n óò sì sọ fún ẹni tó ń rà á, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni yìí ní tiẹ̀ á rọ́ súpà gúlù sí i, á wá fi ọ̀dà dúdú bò ó. Ẹ gbé gìtá sí ojú oòrùn, kí ẹ yí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ìmọ́lẹ̀ á ṣẹ́ níbi tí ojú kò ti tẹ́jú. Ẹ fi èékánná wọ́ ọ kọjá nísàlẹ̀ orí. Kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Gìtá tòkunbọ̀ tó ń rùn ọ̀dà tuntun ní ẹ̀yìn ọrùn nìkan, kí ni wọ́n ń bò níbẹ̀?

Ẹnu rẹ̀ dùn, ẹ jẹ́ mọ̀. Ó sọ fún bàbá kan pé gìtá Ibanez Artcore tí òun gbé wá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ I.K. Dáíró ló lò ó nígbà tí bàbá olórin náà ṣì wà láyé. Àwa Ìjẹ̀ṣà kì í fi Dáíró ṣeré, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tó gba oyè MBE lọ́dún 1963, inú bàbá náà sì ti ń dùn, wọ́n fẹ́ sanwó. Ọdún 1996 ni Dáíró kú. Ọdún 2002 ni Artcore ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Bí ẹ bá gbé gìtá tiyín fún un pé kó tún un ṣe, ọ̀nà mìíràn ló tún ń gbà. Ohun tí kì í ṣe àìsàn rárá ló ń sọ di àìsàn. Lára ọ̀pọ̀ gìtá oníhò, wọn kì í kan bríìjì mọ́lẹ̀. Okùn ló tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú gìtá. Tí ẹ bá tú gbogbo okùn lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè sún, ohùn á sì máa yà bí ẹ bá ti ń tẹ̀ ẹ́ sókè ọrùn. Á ní bríìjì ti bàjẹ́, owó tuntun nìyẹn. Ẹ fi ìka kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ lókè frẹ́ẹ̀tì kejìlá kí ohùn tín-ín-rín náà jáde, kí ẹ wá tẹ okùn mọ́lẹ̀ níbẹ̀ kan náà. Tí títẹ̀ bá ga ju fífọwọ́kàn lọ, ẹ sún bríìjì sẹ́yìn díẹ̀, kúrò lọ́dọ̀ ọrùn. Tó bá lọ sílẹ̀, ẹ sún un síwájú. Ẹ dẹ okùn díẹ̀ kí ẹ tó sún un. Kò gba kọ́bọ̀.

Nígbà ọyẹ́ ńkọ́, tí ẹnu frẹ́ẹ̀tì bá ń ha ọwọ́? Igi ọrùn ló gbẹ tó sún kì, irin kò sì bá a sún. Fáìlì wẹ́rẹ́ ló fẹ́, kì í ṣe frẹ́ẹ̀tì tuntun. Àti híhu tí gìtá oníhò ń hu níwájú sípíkà ńlá ṣọ́ọ̀ṣì, bí inú rẹ̀ ṣe ṣófo ló fà á: ohùn sípíkà ń mi ojú gìtá, pickup ń gbé e padà fún sípíkà. Ẹ yà kúrò níwájú sípíkà, ẹ dín báàsì kù, ẹ ki fóòmù sí ojú ihò. Ọ̀gbẹ́ni yìí gba owó pickup “tí kì í hu” lọ́wọ́ akọrin kan ní Ifẹ̀. Gìtá náà ṣì ń hu.

Ó tún ń fi oníhò pátápátá gba owó èyí tó ní igi láàárín. Gibson ES-335 tó jáde lọ́dún 1958 ní igi kíki tó gba àárín inú rẹ̀ kọjá kó má baà máa hu. Epiphone Casino kò ní in, bẹ́ẹ̀ lójú wọ́n jọra. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú ihò kan. Bí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ gba inú dé ihò kejì láìsí ohun tó dí i, kò sí igi níbẹ̀, ohun yòówù kó sọ.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ gbé mítà oníṣẹ́ rédíò dání pẹ̀lú wáyà gìtá kan. Ẹ ki wáyà sí jáàkì, ẹ ṣí fọ́lúùmù dé òpin, kí ẹsẹ̀ mítà kan kan ṣóńṣó orí wáyà, kí èkejì kan ara irin rẹ̀. Ẹ kọjú swíìṣì sí pickup kan lẹ́ẹ̀kan. Humbucker sábà máa ń kà bíi 7 sí 9 kílóòmù. Nọ́ńbà yìí kò lè sọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é fún yín, ṣùgbọ́n tí ọ̀kan bá ka ìdajì èkejì, tàbí tí kò ka nǹkan kan, ẹ gbé gìtá fún un padà. Tí ó bá ní òun ti yí nǹkan padà, ẹ ní kó kó àwọn tó yọ wá kí ẹ rí i. Ẹni tó yọ pickup ní láti ní pickup àtijọ́ lọ́wọ́. Kí ó kọ ohun tó ṣe sínú rìsíìtì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fọwọ́ sí i. Rìsíìtì yẹn àti ẹ̀rí transfer ni ẹ máa mú lọ sí tẹ́ṣàn, tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àjọ FCCPC, tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018.

Ẹ̀yin tí gìtá yín ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń sọ pé nǹkan tí òun fẹ́ lò ń bọ̀ láti Èkó, ẹ lọ gbà á kíákíá, bó bá tiẹ̀ ti tú u palẹ̀. Ẹ mú ẹnì kan dání. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò títí kan skúrù, kí ẹ sì wo nọ́ńbà ara gìtá náà kí ẹ tó jáde, nítorí ó ti dá gìtá ẹlòmíràn padà fún èèyàn kan rí.