Ọwọ́ wọn dára, ẹnu ọ̀gá ni kò dára: ilé ìtẹ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ kan ní Wàǹdó, Àjàṣẹ́

"Màmá, kíndìnrín yín ti dọ̀tí."

Àtàǹpàkò ọ̀gá ilé yìí ṣì wà láàárín àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún mi nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Kò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kò yẹ ìtọ̀ wò. Mo ní, "Ọ̀gá, báwo lẹ ṣe mọ̀?" Ó ní ṣebí ó dùn mí níbẹ̀. Kí n tó dáhùn, ó ti na ọwọ́ sí pẹpẹ, ó gbé páálí tíì kan kalẹ̀: 12,000 sẹ́fà. Mo ní mi ò rà. Ó sún àtàǹpàkò sókè díẹ̀, ó ní ẹ̀dọ̀ náà ń ké.

Àwòrán tó lẹ̀ mọ́ ògiri ló ń kà sí mi létí. Orí wà ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró lábẹ́ àwọn ìka, kíndìnrín láàárín, ẹ̀dọ̀ ní ẹsẹ̀ ọ̀tún. Eunice Ingham, ará Amẹ́ríkà, ló ya irú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, lẹ́yìn tí dókítà William Fitzgerald ti pín ara sí ọ̀nà 10. Kò sí ẹ̀rí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ pé àtẹ́lẹsẹ̀ lè sọ àìsàn tó wà nínú. Ohun tó wà níbi tó tẹ̀ yẹn ni iṣan líle kan tó nà lábẹ́ ẹsẹ̀, láti gìgísẹ̀ dé ìdí àwọn ìka. Ẹni tó bá ń dúró tajà látàárọ̀ pẹ̀lú sálúbàtà pẹlẹbẹ, kò sí bí àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣe ní dùn ún.

Fóònù ọ̀gá dún, ó jáde. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá," ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ó gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá, ó fọ ẹsẹ̀, ó wo àárín ìka bóyá egbò wà. Ó béèrè ohun tí ọ̀gá kò béèrè: ṣé mo ní àtọ̀gbẹ, ṣé mo lóyún, ṣé ojúgun kan wú tó sì gbóná? (Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì. Alátọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tipiri kì í mọ̀ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jù.)

Òrí bíńtín ló lò, torí bó bá pọ̀, ọwọ́ á máa yọ̀, kò ní rí ibi dì mú. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń ká, ó ń nà bí ekòló, láti gìgísẹ̀ lọ sókè, kò fo ibì kankan. Ó ń béèrè pé, "Ṣé ó le jù?" Bí mo bá fa ẹsẹ̀, ó ń dẹ ọwọ́. Lẹ́yìn náà ó yí ọrùn ẹsẹ̀, ó na ìka lọ́kọ̀ọ̀kan. Oorun gbé mi lọ. Ohun tí iṣẹ́ yìí lè fún èèyàn gan-an nìyẹn: ara á rọ̀, ẹsẹ̀ á fúyẹ́. Ẹ má jẹun yó lọ, ẹ rọra dìde.

Ọ̀gá tún dé síbi owó. 5,000 ni wọ́n kọ sára ògiri, ó ní 6,000, pé ẹgbẹ̀rún kan jẹ́ "owó àyẹ̀wò". Mo na ìka sí ògiri. Ó rẹ́rìn-ín, ó gba 5,000.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ọmọbìnrin náà ni kẹ́ ẹ béèrè. Bí ọ̀gá bá ní òun fúnra òun ló máa ṣe é, ẹ ní ẹ ń bọ̀ lọ́la.